Àtẹ́lẹwọ́ Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Dókítà, bí àdúgbò ti ń pe mẹkáníìkì wọn, kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò nu ẹnu irin kan. Sùkúrúdíráfà gígùn ni, èyí tó lè ti òkè ẹ́ńjìnnì dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí rọ́bà ìdí rẹ̀ ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbé ẹnu rẹ̀ lé ara ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí, ó sì dijú. Ó dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni tí aláìsàn ń bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó sún irin náà díẹ̀. Ó tún dúró. Nígbà tó lajú, ó gbé irin náà kúrò, ó na ìdí rẹ̀ sí ẹni tó ni ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbọ́ ọ fúnra yín."

Ẹni tó ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìdí irin náà ti etí. Ó mi orí, ó fajú ro, ó tún mi orí.

"Hẹn-ẹn. Mò ń gbọ́ ọ. Mò ń gbọ́ ọ dáadáa."

Mẹkáníìkì náà wò ó.

"Mi ò tíì gbé e lé nǹkan kan o," ló wí.

Òótọ́ ni. Ẹnu irin náà ṣì wà lọ́wọ́ Dókítà, lókè, nínú afẹ́fẹ́.

Kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Dókítà rọra sọ ẹnu irin náà kalẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì, ó sì di ọwọ́ ẹni kejì rẹ̀ mú, ó sún ìdí irin náà sẹ́yìn títí tó fi kan egungun. Ìgbà náà ni ohùn náà tó wọlé. Kò gba ihò etí. Egungun ló gbà, bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ilẹ̀kùn tí ẹnìkan ń kàn láti òdìkejì. Kó. Kó. Kó. Kò yára, kò sì sinmi.

"Ṣé ohun tó ń ṣe nìyẹn?" ni ẹni tó ni ọkọ̀ bi í.

"Ohun tó ti ń ṣe láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e wọlé nìyẹn," ni Dókítà dáhùn, ó sì na ọwọ́ wọ inú ọkọ̀, ó pa iná rẹ̀.

Gẹdú ni tọmọdé tàgbà àdúgbò ń pe ẹni tó ni ọkọ̀. Ilé ìlagi ni wọ́n ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, nítorí pé ó ga, ó sì nípọn, wọ́n ní bó bá ṣèèṣì sùn lọ sórí tábìlì, wọn á là á sí pákó. Ìdí ayùn ńlá ló dàgbà sí. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbéyàwó, ibẹ̀ ló wà tí àwọn ọmọ fi dàgbà tí wọ́n lọ, tí kálukú ń fa ẹrù tirẹ̀. Ayùn kì í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ń ké láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì ń jẹ etí ènìyàn bí ikán ti ń jẹ òpó: òde dúró, inú ti lọ.

Ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ. Gẹdú rò pé ẹyẹ ló dín kù ládùúgbò. Lẹ́yìn náà ni omi tó ń hó lórí iná, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìró bàtà ẹni tó ń bọ̀ látẹ̀yìn. Ohùn obìnrin di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ti ọmọdé parẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kọ́ bí wọ́n ti ń wo ẹnu. Ó kọ́ láti máa sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" pẹ̀lú ojú tó le, nítorí pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá le, wọn kì í bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Nídìí ayùn, kò sẹ́ni tó fura. Níbẹ̀, gbogbo wọn ni adití bí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.

Àtẹ́lẹwọ́ ló wá di etí rẹ̀. Bó bá gbé e lé orí tábìlì ayùn, ó máa ń mọ̀ pé eyín kan ti kú lára ayùn kí àwọn tó létí tó gbọ́. Wọ́n máa ń sọ ọ́ káàkiri pé àtẹ́lẹwọ́ Gẹdú kì í parọ́. Òun náà gbà á gbọ́.

Títí di ọjọ́ tí ayùn mú apá ẹ̀wù Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín ni ẹni kejì rẹ̀ nídìí ayùn, èyí tó ń fa igi láti òdìkejì bí Gẹdú bá ti ń tì í. Gẹdú tẹjú mọ́ igi. Ó ń tì í. Ẹlẹ́rìn-ín ń ké. Àwọn tó wà ní ṣẹ́ẹ̀dì kejì gbọ́, àwọn tó wà lójú títì gbọ́, ẹnìkan sì sáré wá pa ẹ̀rọ. Gẹdú ṣì ń ti igi nígbà tí ayùn dúró. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, aṣọ nìkan ló lọ. Ẹlẹ́rìn-ín wo èjìká rẹ̀ tó wà ní ìhòhò, ó ní, "Gẹdú, bí o bá fẹ́ràn ẹ̀wù mi, ṣebí kí o tọrọ ẹ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọkàn Gẹdú ló lọ sọ́nà jíjìn. Gẹdú rìn lọ sẹ́yìn òkítì pákó, ó bì títí kò fi sí nǹkan kan mọ́ ní inú rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i tó fi kúrò níbẹ̀. Ó ní eruku ló sú òun. Òun nìkan ló mọ̀ pé bí òun bá tún dúró nídìí ayùn yẹn, òun máa pa ẹnìkan. Ó kó gbogbo ohun tó ní jọ láti ra ọkọ̀ àlòkù tí yóò máa fi kó èrò. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì kó lè tó.

Ẹni tó ta ọkọ̀ náà wọ bàtà funfun. Ohùn rẹ̀ á máa rọ̀, bóyá. Gẹdú kò gbọ́ ọ, ó kàn rí bí ètè rẹ̀ ti ń rọra ṣí ni.

"Bàbá, ẹ ò mú mẹkáníìkì dání ni?"

"Èmi? Àárín ẹ̀rọ ni mo dàgbà sí. Ẹ̀rọ wo ló fẹ́ parọ́ fún mi?"

"Mo ti rí i lójú yín. Àwọn tó mọ nǹkan bíi tiyín ló máa ń wù mí láti tajà fún."

Òdodo ibẹ̀ ni pé mẹkáníìkì a máa ki orí bọ inú ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀, ènìyàn kì í rí ẹnu rẹ̀. Ó sì lè gbójú sókè lójijì kó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ yẹn?" Ìyẹn ni Gẹdú sá fún. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgbọ̀n rẹ̀ dọ́gba, ó rọ̀, bí ẹ̀yìn màlúù tó yó. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó ní òun ra ọkọ̀.

Ọjọ́ tó gbé e wọ àdúgbò, gbogbo ojúlé ló jáde. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń gbá a ní pẹ́pẹ́ lára bí ẹṣin. Wọ́n ní ẹ kú oríire. Wọ́n ní Ọlọ́run á jẹ́ ká fi gbé ayọ̀. Dókítà náà wá láti gáréèjì rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òpópónà, ọ́ìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọrùn ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Gẹdú kò pa ẹ́ńjìnnì títí tí wọ́n fi gbàdúrà tán. Ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ó kó èrò. Nínú dígí, ó máa ń rí ojú wọn. Obìnrin kan sọ nǹkan látẹ̀yìn. Ó dáhùn pé "Àmín o," nítorí pé ohun tí wọ́n ń sọ fún onímọ́tò tuntun kì í ju àdúrà lọ. Ó rí i tí obìnrin náà wo ẹni tó jókòó tì í, tó sì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Àwọn kan ń sọ̀ kí wọ́n tó débi tí wọ́n ń lọ. Ó rò pé ìwakùwà òun ni. Ó ń rọra wà á. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ fẹ́ gun òkè ilé ìwòsàn, nǹkan kan gbá a láti abẹ́ ẹsẹ̀, èéfín bo gíláàsì, èrò sì sá jáde. Okùn ni wọ́n fi wọ́ ọ dé gáréèjì Dókítà.

Dókítà ti tú ọ́ìlì sínú abọ́ kan nísinsìnyí. Ó gbé abọ́ náà sábẹ́ oòrùn. Nǹkan kan ń dán nínú rẹ̀ wínníwínní.

"Ó ń dán," ni Gẹdú wí.

"Wúrà kọ́ o. Ara ẹ́ńjìnnì yín ló ń yọ́ lọ yẹn." Dókítà fi ìka ra á, ó na ìka náà sí i. "Ṣé ó ti gbóná kí ẹ tó débẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ lọ wò ó?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Wọ́n ti wà á káàkiri kó gbóná kí ẹ tó dé. Wọ́n wá da ọ́ìlì tó ki bí oyin sí i, kí ariwo rẹ̀ lè fara pamọ́ díẹ̀."

"Díẹ̀?"

"Díẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá tẹ́tí á gbọ́."

Gẹdú wo ẹnu rẹ̀ tán, ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí ọkọ̀ náà fẹ́.

"Ẹ́ńjìnnì mìíràn ni. Èyí ti nọ́ọ̀kì, ó ti kú. Bí mo bá ní mo fẹ́ tún un ṣe, mo kàn ń jẹ owó yín ni. Ẹ́ńjìnnì mìíràn náà, kí n má parọ́ fún yín, ẹ wo iye tí ẹ ra ọkọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i."

"Mi ò ní i, Dókítà."

"Mo mọ̀."

"Gbogbo ohun tí mo ní ló wà níwájú rẹ yìí. Owó ẹ̀rọ ìyàwó mi wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n." Dókítà nu ọwọ́, ó tún nu ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ́. "Ọ̀nà kan wà. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀. A lè ṣe é bí ẹni tó tà á fún yín ti ṣe é. Ọ́ìlì kíki. Kí a gbé e ká kó gbóná. Ẹnìkan á rà á."

"Ta ni?"

"Ẹni tó bá lówó tí kò létí."

Bí ó ti sọ ọ́ tán ló gbójú kúrò. Gẹdú rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ kedere, ó rí ojú tó gbé kúrò náà. Ó na ọwọ́, ó fa bọ́nẹ́ẹ̀tì wálẹ̀, ó tì í títí tó fi dé.

"Ìwọ náà gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "O wá kí mi. O bọ̀ mí lọ́wọ́."

"Mo gbọ́ ọ."

"Kí ló ṣe tí o ò sọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ bí ẹ ṣe ń béèrè. Gbogbo àdúgbò ń gbàdúrà lórí ọkọ̀, kí èmi wá jáde kí n ní ẹ dúró, òkú lẹ gbé wálé? Wọ́n á ní ìlara ni. Wọ́n á ní iṣẹ́ ni mò ń wá. Ẹni tí ẹ ò pè pé kó bá yín wo ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó rà á, ṣé òun náà ló máa wá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn? Àti pé mo rò pé ẹ ti gbọ́ ọ. Mo ní bóyá ẹ mọ̀, ẹ wá rà á bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò wọ́n. Ariwo yẹn, ẹ̀gbọ́n, ewúrẹ́ gbọ́ ọ. Ewúrẹ́ àdúgbò dìde lójú ọ̀nà."

Gẹdú dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ọ̀nà ilé.

Ọ̀nà ilé Bàtà Funfun, ẹni tó ta ọkọ̀ fún un, ló wá gbà nígbẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn irin náà wà ní títì. Ó kàn án títí ọwọ́ fi ń ro ó. Bí ẹnìkan bá ń dáhùn láti inú, kò lè mọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà bóyá yóò mọ ìgbọ̀n ẹsẹ̀ tó ń bọ̀. Irin náà tutù. Ọkùnrin kan tó ń ta kọ́kọ́rọ́ ní ìdojúkọ rẹ̀ ju ọwọ́ sókè sí i, ó na ìka sí ọ̀nà jíjìn: ó ti kó lọ. Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ṣe àpẹẹrẹ ìdarí ọkọ̀, ó gbójú sókè bí ẹni tó ń béèrè pé, ìwọ náà? Gẹdú mi orí. Ọkùnrin náà tún na ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka àwọn tó ti wá ṣáájú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ wà lójú fèrèsé nígbà tó wọlé, abẹ́rẹ́ olórí róbótó kún àárín ètè rẹ̀, aṣọ funfun kan wà lórí itan. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ kejì máa ń wà, simẹ́ǹtì ilẹ̀ ṣì mọ́ ju ti ibi tó kù lọ.

"Dókítà ní ẹ́ńjìnnì ti kú," ni Gẹdú wí.

Ètè obìnrin náà gbọ̀n lára abẹ́rẹ́. Ó sọ nǹkan.

"Ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ níbẹ̀," ni Gẹdú dáhùn.

Obìnrin náà gbójú sókè. Ó tún sọ nǹkan.

"Rárá, mi ò tíì jẹun."

Ìyàwó rẹ̀ gbé aṣọ kúrò lórí itan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, ó ń gún wọn mọ́ tìmùtìmù kékeré tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Kò kánjú. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣófo, ó kọjú sí i.

"Mo kọ́kọ́ bi yín pé ṣé ẹnikẹ́ni fara pa. Mo tún bi yín pé ṣé nǹkan kan dùn yín."

"Hẹn. Kò sẹ́ni tó fara pa."

"Bàálé mi, ẹ wo ẹnu mi."

"Mò ń wò ó."

"Mo mọ̀. Ìgbà gbogbo lẹ máa ń wò ó. Mo ti ń rò pé ìfẹ́ ni." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jọ ẹ̀rín. "Bí abẹ́rẹ́ bá wà lẹ́nu mi, ìdáhùn yín kì í bá ọ̀rọ̀ mi mu. Ó ti pẹ́. Mo rò pé mo ti sú yín ni. Mo ní ọkùnrin yìí ò fẹ́ gbọ́rọ̀ mi mọ́, mo sì gbé e mì."

Gẹdú jókòó sórí àpótí. Ó bi í ní ohun tó ti gbé bọ̀ láti gáréèjì.

"Ìwọ náà gbọ́ ọ? Ariwo ọkọ̀ yẹn?"

"Kí ẹ tó yà wọ òpópónà ni mo ti gbọ́ ọ."

"O dákẹ́."

"Ẹ ò pa á. Ẹ dúró tì í, àyà yín wú bí ti àkùkọ, ẹ ń wò mí pé kí n yọ̀. Mo ní bóyá bí ọkọ̀ àlòkù ti ń kọrin nìyẹn. Ta ni èmi? Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo mọ̀." Ojú rẹ̀ lọ sára ògiri, ó sì padà wá lójijì. "Apá ẹ̀wù Ẹlẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rán an padà. Mò ń rán an, mò ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣọ ènìyàn lẹ ń jẹ. Ó ké, àbí?"

Gẹdú wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ó ké, o ò gbọ́."

"Mo rí igi nìkan," ni Gẹdú wí.

Obìnrin náà dìde, ó wá dúró níwájú rẹ̀ gan-an, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú rẹ̀ mú kó má lè wo ibòmíràn.

"O ò ní padà síbẹ̀. Ṣé o rí ohun tí mo sọ? O ò ní padà sídìí ayùn."

"Kí la ó máa jẹ?"

Ẹnu rẹ̀ ṣí. Gẹdú ń wò ó, ó ń retí ọ̀rọ̀ tí yóò ti ibẹ̀ jáde, bí ènìyàn ti ń wo ojú ọ̀nà. Obìnrin náà fi ojú Gẹdú sílẹ̀. Ó padà sí ìjókòó rẹ̀, ó gbé aṣọ funfun náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ padà sáàárín ètè.

Ní òwúrọ̀, Gẹdú kò jí i. Ó mú ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kúrò lórí ìṣó, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó sì rìn dé ilé ìlagi.

Ìyá Onípákó, obìnrin tó ni ibẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá awakọ̀ kan jà lórí ibi tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Nínú gbogbo ohùn tó wà láyé, ohùn obìnrin yìí nìkan ni Gẹdú ṣì ń gbọ́ láìwo ẹnu.

"Ta ni mò ń wò yìí? Gẹdú ni, àbí iwin ẹ̀?"

"Èmi ni, màmá. Ẹ káàárọ̀."

"Ọ̀gá onímọ́tò! Wọ́n ní o ò kí àwa ẹlẹ́sẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ara ẹ̀ ò yá, màmá."

"Ọkọ̀ lara ẹ̀ kì í yá. Gẹdú ṣì dà bí igi gẹdú." Ó gbá a lẹ́yìn, ó dùn ún. "Ẹni tí mo fi sípò ẹ sá lọ. Igi kún ilẹ̀, àwọn tó ni í sì ń jẹ mí lórí. Wọlé, bàbá. Wọlé kí n tó sunkún lójú awakọ̀ yìí."

"Màmá, mo fẹ́ bi yín bóyá iṣẹ́ mìíràn wà. Kí n máa to pákó. Kí n máa gbálẹ̀ pàápàá."

Ìyá Onípákó wò ó látòkè délẹ̀.

"Ta ló ń fi òpó ilé tayín? Àwọn tó ń to pákó pọ̀ bí èèrà, mò ń lé wọn. Ẹni tó ń gbálẹ̀, àbúrò mi ni, kò sì mọ̀ ọ́n gbá. Onídìí ayùn ni mi ò ní." Ó fà á sún mọ́ ara. "Ẹ́ńjìnnì lo ń wá owó ẹ̀, mo ti gbọ́. Gba ìdí ayùn lónìí. Màá dúró fún ẹ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, wàá gbé e kí oṣù yìí tó tán. Kí lo tún fẹ́ kí n ṣe? Kí n pọ̀n ẹ́?"

Gẹdú rò ó. Oṣù kan. Kí ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ẹni kejì rẹ̀, kó má ṣe wo igi nìkan. Ó ṣeé ṣe. Ènìyàn lè fi ojú ṣọ́ ohun tí etí kò lè ṣọ́, bó bá jẹ́ fún oṣù kan péré. Ọkọ̀ á sì padà sójú ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ á ra ẹ̀rọ rẹ̀ padà, ẹnikẹ́ni nídìí ayùn kò sì ní mọ̀ pé etí rẹ̀ kò gbọ́. Ó gba àpírọ́ọ̀nù awọ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó so ó mọ́ ìbàdí.

Inú ṣẹ́ẹ̀dì rí bó ti wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú igi bo ilẹ̀, ó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ibùsùn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ju ọwọ́ sókè, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀; ó rí i lẹ́nu wọn. Ẹ̀rọ ti ń yí láìsí igi lórí rẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé tábìlì ayùn. Ìgbọ̀n náà gun apá rẹ̀ wá, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀.

"Eyín kan ti kú lára ẹ̀," ló wí. "Lọ́wọ́ ìta."

Wọ́n pa á, wọ́n wò ó. Òótọ́ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹnìkan jó díẹ̀, Ìyá Onípákó ń na ìka sí i fún àwọn yòókù pé ẹ rí i, ẹ rí i.

Ẹlẹ́rìn-ín wá dúró sí àyè rẹ̀ ní òdìkejì tábìlì. Ètè òkè rẹ̀ kúrú, kì í bo eyín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Láti ọ̀nà jíjìn, ènìyàn á rò pé kò mọ ìbànújẹ́ rí. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì bá Gẹdú sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ pẹ́. Ẹ̀rọ pákó wẹ́wẹ́ ń ké ní ṣẹ́ẹ̀dì kejì, eruku wà lójú oòrùn láàárín wọn, ètè náà sì ń ṣí lára eyín láìṣeé kà. Gẹdú mọ̀ pé àwàdà ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ríra. Àwàdà ló yẹ kó jẹ́. Nígbà tí ètè náà dúró, Gẹdú ju orí sẹ́yìn, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó rẹ́rìn-ín dé ìdí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì.

Ó rí i pé òun nìkan ni. Ẹni tó ń jó ti dúró. Wọ́n ń wò ó, kò sẹ́ni tó mira. Ìyá Onípákó di èjìká rẹ̀ mú, ó fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Gẹdú! Orí ẹ pé? Ó ní ìyá òun kú. Ó ní àná ni àwọn sin ín, pé òun wò títí òun ò rí ẹ. Ò ń rẹ́rìn-ín?"

Gẹdú wo òdìkejì tábìlì. Ẹlẹ́rìn-ín kò bínú. Eyín rẹ̀ wà níta bí wọ́n ti máa ń wà, omi sì ti kún ojú rẹ̀. Ó ń wo Gẹdú, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù sínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, ní ibi tó máa ń gbé wọn sí láti fa igi, àwọn ìka rẹ̀ là sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn.

Gẹdú wo àwọn ìka náà.

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó tú okùn àpírọ́ọ̀nù. Ó le díẹ̀, ó fi èékánná tú u. Ó ká awọ náà sí méjì, ó sì gbé e lé orí tábìlì, ní àárín òun àti Ẹlẹ́rìn-ín. Ìyá Onípákó ń sọ nǹkan, ohùn rẹ̀ ga, Gẹdú gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gba àárín òkítì pákó méjèèjì kọjá, lẹ́búlẹ́bú igi lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ sójú títì, ó sì ń rìn lọ.